Wáìnì pupa olówó pọ́ọ́kú níwájú àwọn àna: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Chatham

Ẹ ǹlẹ́ o gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí àwọn òbí ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé wa níbí ní Chatham, n'Ílùú Ọba, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, àǹtí ọkọ mi kan tó jẹ́ Alhájà á wà níbẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin náà á wà níbẹ̀, òun tí kò sóhun tí kò mọ̀. Ọkọ mi wá lọ ra wáìnì pupa ìgò méjì ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, £5.50 ni ọ̀kan, ó ní bàbá òun máa ń gbádùn wáìnì. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rèé: Cabernet Sauvignon, Merlot, Shiraz, 2023, 13.5%, Western Cape, South Africa. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa wáìnì ju kí n gbé e fún àlejò lọ. Oúnjẹ tí mo fẹ́ sè ni jọ̀lọ́ọ̀fù, àsun, dòdò, màmá sì ti ní iyán àti ẹ̀fọ́ rírò lòun ń fẹ́.

Ìbéèrè mi nìyí: orúkọ mẹ́ta tó wà lára ìgò kan yìí, ṣé kì í ṣe àjẹkù oríṣiríṣi ni wọ́n dà pọ̀ tó fi ń jẹ́ owó kékeré? Ṣé kó tutù ni àbí kó má tutù? Báwo ni mo ṣe máa tọ́ ọ wò kí n tó gbé e síwájú bàbá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Owó kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ata ni. Mo máa ń se oúnjẹ fún òde níbí n'Íbàdàn, ó sì ti sú mi kí wọ́n máa gbé wáìnì pupa líle síwájú àsun tí ata rodo ti kún bámúbámú, àwọn èèyàn á mu ẹnu kan, wọ́n á gbé gíláàsì sílẹ̀, wọ́n á ní wáìnì yìí ò dáa. Wáìnì ò ṣẹ̀ wọ́n. Ọtí máa ń kún iná ata ni, bí ọtí inú ìgò bá ṣe lágbára tó ni ata ṣe máa jó yín lẹ́nu tó, 13.5% sì kúrò ní kékeré. Torí náà ẹ dín ata àsun yẹn kù, ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà pọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì gé ọ̀rá ara ẹran dànù, ọ̀rá àti iyọ̀ ló ń jẹ́ kí wáìnì pupa rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ata gan-an, ẹ gbé ata díndín sínú abọ́ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó máa bù ú fúnra ẹ̀.

Dòdò ò ní wàhálà, àmọ́ tó bá pọ́n jù tó dùn rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́, wáìnì tí kò ní ṣúgà á dà bíi pé ó kan. Ẹ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tán.

Bàbá Paarl

Ìyàwó wa, àjẹkù kọ́ o. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún àjàrà ní Paarl, ní South Africa, kí n tó kó wá sí Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ n là á díẹ̀. Orúkọ àjàrà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àjàrà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tiẹ̀. Cabernet yẹn ni alágídí inú wọn, èèpo ẹ̀ nípọn, inú èèpo ni tánníìnì wà, tánníìnì yẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn gbẹ kó sì fún pọ̀ tó bá ti gbé wáìnì pupa mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ èso kajú rí mọ ohun tí mò ń sọ, nǹkan kan náà ló wà nínú méjèèjì. Merlot rọ̀ ju ìyẹn lọ. Shiraz ló ń mú àwọ̀ dúdú wá, àti òórùn kan tó sún mọ́ ti iyèré. Ẹni tó ń ṣe wáìnì á wá máa pò wọ́n, á máa tọ́ ọ wò, á bu díẹ̀ kún èyí, á dín tọ̀hún kù, títí èyí tó le ò fi ní le jù, èyí tó rọ̀ ò sì ní ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lẹ́nu. Àwọn ará Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, Cabernet àti Merlot yìí náà ni wọ́n ń pò látọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Nítorí náà pípò kọ́ ni àmì ìṣẹ́.

Ibi tí owó kékeré ti hàn ni ibòmíì. Western Cape tí wọ́n kọ yẹn fẹ̀ gan-an. Láti 1973 ni South Africa ti ní òfin tó ní ibi tí àjàrà ti wá ni kí wọ́n kọ, tí wọ́n bá kọ Stellenbosch, tó jẹ́ agbègbè kékeré kan nínú Western Cape, Stellenbosch náà ni àjàrà ẹ̀ ti wá, àmọ́ tó bá ti jẹ́ Western Cape, wọ́n lè kó o jọ láti oko tó wà káàkiri gbogbo agbègbè yẹn, títí kan ibi tí ilẹ̀ ti gbóná tí wọ́n ń fomi rin oko tí igi sì ń so yanturu. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Cabernet ló ṣáájú nínú tiyín, ẹ múra sílẹ̀ fún tánníìnì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ igi óákù, igi tí wọ́n fi ń ṣe àgbá tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí. Àgbá óákù tó ń gba lítà 225 wọ́n, wáìnì £5.50 ò lè san owó ẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ kó máa ta sánsán bíi fàńílà, ègé igi óákù ni wọ́n máa jù sínú táǹkì onírin. Kò pa èèyàn lára, òórùn ẹ̀ kàn lè dá dúró, kó má wọ ara wáìnì dáadáa.

Ẹ yí ìgò yẹn sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ wáìnì olówó kékeré tó ń ti South Africa bọ̀ níbí kò wá nínú ìgò o, inú àpò ràgàjì kan ló ń gbà wá, nǹkan bíi lítà 24,000 nínú kòńténà kan, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí kòńténà yẹn máa gbà tó bá jẹ́ ìgò ni wọ́n tò sínú ẹ̀. UK níbí ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, wáìnì tó dáa náà ń gba ọ̀nà yẹn wá.

Ọ̀dọ́ Súrùlérè

Gbogbo gírámà yìí lórí £5.50 😂 ẹ pò ó mọ́ Coke kẹ́ ẹ gbé yìnyín sí i, ó parí.

Bàbá Paarl

O rò pé o fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, àwọn ará Basque ní Spéènì ń ṣe é, kalimotxo ni wọ́n ń pè é, ìdajì wáìnì pupa olówó kékeré ìdajì kóòkì, pẹ̀lú yìnyín. Ojú ò tì wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe nǹkan tí ìyàwó ilé máa gbé síwájú bàbá ọkọ ẹ̀ lálejò àkọ́kọ́, àyàfi tí bàbá bá bèèrè ẹ̀.

Bùrọ̀dá Houston

Lórí pé kó tutù àbí kó má tutù, ẹ gbọ́, àwọn tó ń sọ pé inú yàrá lásán ni kí wáìnì pupa wà, yàrá ilé òkúta àtijọ́ ní Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe yàrá tèmi ní Texas, kì í ṣe ti Èkó, kì í sì í ṣe ilé yín ní Chatham tẹ́ ẹ bá ti tan hítà nítorí àwọn àgbàlagbà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀. Láàárín 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dáa fún un. Tí ilé bá ti wọ 21 tàbí 22, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀ kò ní ju ọtí lọ, á máa ta yín nímú. Ẹ gbé ìgò náà sí fíríìjì fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí kí àlejò tó jókòó, ìyẹn ti tó. Ẹ má gbé e sí fírísà o, ẹ má sì gbàgbé ẹ̀ sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì.

Ọ̀dọ́ Súrùlérè

Àmọ́ gbogbo wáìnì pupa tí mò ń mu l'Ékòó tútù nini ni, ó sì dùn, kí ló dé tèmi ò burú?

Bùrọ̀dá Houston

Nítorí pé èyí tó ní ṣúgà lò ń mu, àbúrò. Wo ara ìgò, wàá rí i pé wọ́n kọ *sweet red* sí i. Tánníìnì inú ẹ̀ ò tó nǹkan, torí ẹ̀ ni òtútù ò fi ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí àǹtí yìí rà, tó bá tutù jù tánníìnì ẹ̀ á le sí i, á korò. Tí ata àsun bá sì jẹ́ dandan, kí n sọ òótọ́, èyí tó ní ṣúgà díẹ̀ yẹn ló máa bá ata rẹ́ ju Cabernet lọ, àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín kò tíì fi í jẹ àsun ni.

Ìyá Ìṣirò

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí owó ni iṣẹ́ mi. Nínú £5.50 tí ọkọ yín san, VAT ti gbé bíi 92p lọ. Owó tí ìjọba ń gbà lórí ọtí tún wà níbẹ̀, láti oṣù kejì ọdún 2025 agbára ọtí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ìgò tó bá jẹ́ 13.5% ń san nǹkan bíi £2.99 nígbà náà, pẹ̀lú iye tí wọ́n gbé e sí lọ́dún yẹn. Ẹ rò ó pọ̀. Ohun tó kù kò ju bíi £1.59 lọ, nínú £1.59 yẹn ni owó ìgò ti máa jáde, owó ọkọ̀, èrè sùpámákẹ́ẹ̀tì, kó tó wá kan àgbẹ̀ tó gbin àjàrà. Tó bá jẹ́ ti £8 lẹ rà, ìjọba á mú bíi £4.32, £3.68 ló kù. Ẹ fi £2.50 kún owó, ohun tó kù fún wáìnì gan-an sì ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń ra ìgò kan ti £8 fún àwọn tó fẹ́ fi ahọ́n wò ó, tí màá sì ra málítì àti nǹkan mìíràn fáwọn tó kù. Àwọn tó fẹ́ pò ó mọ́ Coke, ẹ máa bá £5.50 lọ.

Nọ́ọ̀sì Gillingham

Ẹ má bínú pé èmi ni mò ń mú ọ̀rọ̀ oògùn wọ̀ ọ́. Àwọn òbí wa tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ máa ń gbé Flagyl sínú báàgì, inú á rú díẹ̀ wọ́n á gbé e mì, wọn ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá ń lo Flagyl kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, títí ọjọ́ méjì gbáko á fi kọjá lẹ́yìn tó bá lo èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ fọgbọ́n bi wọ́n kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó bi oníkẹ́míìsì. Gíláàsì 175ml kan nínú wáìnì 13.5% yìí jẹ́ bíi 2.4 units, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí níbí, 14 ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó máa wa mọ́tò padà sílé kó jókòó ti omi ẹ̀.

Ọmọ Alhájà

Torí Alhájà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rí i káwọn èèyàn máa sọ pé téèyàn bá da wáìnì sínú ọbẹ̀ gbogbo ọtí inú ẹ̀ á fẹ́ lọ, irọ́ ni, ó máa ń ku díẹ̀ níbẹ̀ bó ti wù kó hó tó. Ẹ má fi sínú ìkòkò kankan tí Alhájà máa fọwọ́ kàn, ẹ sì má dọ́gbọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí tí wọ́n ní wọ́n ti yọ ọtí inú ẹ̀ kúrò náà, ẹ wo 0.5% tó wà lára òmíì, ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ pinnu. Zóbò ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, ìṣápá pupa gidi, ata ilẹ̀, kánáfùrù, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá gbé e fún un nínú gíláàsì kan náà bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹ ò lè gbé ife rọ́bà fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ yín kẹ́ ẹ gbé gíláàsì fáwọn tó ń mu ọtí.

Ìyàwó Chatham

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi kọ́ o, àbúrò màmá ọkọ mi ni 😄 àmọ́ ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn ti wọ̀ mí lára. Ẹ ṣeun gan-an. Ó wá ku títọ́ ọ wò. Mo rí wọn lórí fídíò tí wọ́n ń yí gíláàsì tí wọ́n ń ki imú bọ̀ ọ́, ṣé ó pọn dandan?

Ẹlẹ́mu Ẹ̀pẹ́

Ó pọn dandan o, yàtọ̀ sí àṣehàn. Èmi kì í ṣe oníwáìnì, ẹmu ni mo mọ̀, àmọ́ ẹni tó bá lè fi imú mọ ẹmu àárọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sán tó ti ń kan bọ̀, ahọ́n ẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òórùn epo díndín ti kúrò nílé kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ lọ sí yàrá míì tó bá ṣe é ṣe. Ẹ rọ díẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì lọ, torí yíyí tẹ́ ẹ fẹ́ yí i. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ láìyí i, kẹ́ ẹ wá yí i kẹ́ ẹ tún gbóòórùn ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó yàtọ̀. Tó bá ń rùn bíi páálí tó rẹ sómi, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò ló ti bà á jẹ́, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Tó bá ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì láti òkè kó máa ta pàràpàrà, kó wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ó máa ń lọ. Tó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wá mu ún, ẹ má gbé e mì kíá, ẹ jẹ́ kó rin gbogbo ahọ́n ká. Ṣé ẹnu yín pomi ní ẹ̀gbẹ́? kíkan ẹ̀ nìyẹn, ó yẹ kó wà. Ṣé inú ẹnu gbẹ? tánníìnì nìyẹn. Ṣé ọ̀fun gbóná? ọtí ni. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wò ó bóyá adùn kan ṣì wà lẹ́nu tàbí ó ti ṣí lọ pátápátá. Ti olówó kékeré kì í pẹ́ lẹ́nu, ẹ má retí ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ẹ gé àsun kékeré kan jẹ, kẹ́ ẹ tún mu òmíràn. Ẹnu kejì yìí ni ẹ fi máa dájọ́, torí kò sẹ́ni tó máa mu ún lásán ní tábìlì yín.

Nílé tiwa, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu ún lójú àwọn àgbà. Ọkọ yín ló rà á, kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú bàbá, kó wá rọ ti bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn òyìnbó ń ṣe ní ilé oúnjẹ wọn.

Ìyá Adé

Ṣé ẹ lè bá wa sọ ti Nàìjíríà náà? Gbogbo yín ń sọ ti sùpámákẹ́ẹ̀tì òyìnbó. Ní àdúgbò mi ní Òṣogbo, ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń to wáìnì sí, oòrùn ń pa á látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ má ra èyí tó wà lójú oòrùn rárá, ẹ ní kí wọ́n gbé èyí tó wà nínú páálí jáde fún yín. Wáìnì tí ooru ti pa, kọ́ọ̀kì ẹ̀ á ti yọ sókè díẹ̀ lábẹ́ bébà tó bò ó, tàbí kí ọrùn ìgò máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ torí ó ti ń jò, tẹ́ ẹ bá mu ún, á máa dà bí èso tí wọ́n sè lẹ́nu. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ẹni tó kó o wọ̀lú lẹ́yìn ìgò. Ẹ fọwọ́ yí ọmọrí ẹ̀ wò, tí èdìdì ẹ̀ bá ti já tẹ́lẹ̀ ẹ gbé e sílẹ̀, àwọn kan ń ṣa ìgò òfìfo kiri lẹ́yìn òde, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Èmi máa ń fi igi fọ́ ìgò tí mo bá lò tán lóde tí mo ti ń sè, àwọn èèyàn rò pé mo ń bínú.

Tó bá wá jẹ́ pé ti ilé yín ni, ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tó ṣókùnkùn, kì í ṣe orí fíríìjì. Orí fíríìjì gbóná.

Ìyàwó Chatham

Mo ti dé o 🙌🏾 oúnjẹ ti lọ lánàá. Ẹ jẹ́ n ròyìn ní kíkún nítorí ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo gbé e sí fíríìjì ní agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo yọ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò wọn. Ọmọrí tí wọ́n ń yí ló ní, kò sí kọ́ọ̀kì. Ó ń rùn bí ìṣáná lóòótọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mo bá dà á sínú jọ́ọ̀gì tí mo fi ń po ìyẹ̀fun páńkéèkì, nígbà tí a fi jókòó òórùn yẹn ti lọ. Ọkọ mi kọ́kọ́ mu, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbé ti bàbá. Bàbá gbé e sókè sí gílóòbù, wọ́n mu ún, wọ́n dákẹ́, gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Wọ́n ní “ọtí yìí le lẹ́nu òfìfo, ẹ gbé ẹran wá.” Mo gbé àsun wá, wọ́n jẹ èyí tó lọ́ràá, wọ́n tún mu, wọ́n bá na gíláàsì fún ọkọ mi pé kó rọ òmíràn sí i. Àbúrò mi ní òun ń gbọ́ òórùn ṣokoléètì, a kàn ń wò ó.

Màmá mu ẹnu kan, wọ́n fajú ro, wọ́n ní ṣé kò sí ṣúgà nílé yìí ni. Wọ́n fi ṣíbí kan sí i lóòótọ́, wọ́n rò ó, wọ́n gé ọsàn tó wà lórí tábìlì sí i, wọ́n ní ká bá àwọn gbé yìnyín wá. Alhájà mu zóbò tiẹ̀ nínú gíláàsì oníṣẹ́ ọ̀nà, òun ló sì lẹ́wà jù nínú fọ́tò.

Nǹkan kan ṣoṣo ló yà mí lẹ́nu. Nígbà tí bàbá bọ́ sórí iyán, wọ́n mu wáìnì yẹn sórí ẹ̀fọ́, wọ́n ní ó ń dà bí irin lẹ́nu, pé ẹja ti wá ń rùn lẹ́nu àwọn. Ẹja ọ̀hún dáa o, pańla gidi ni, Alhájà àti màmá jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Kí ló fà á?

Bàbá Paarl

Ẹja yín ò ṣe nǹkan kan. Irin díẹ̀ máa ń wà nínú wáìnì pupa, tí irin yẹn bá kan epo ara ẹja lẹ́nu, òórùn ẹja á sọ jáde lójijì. Àwọn tí kò mu wáìnì sórí ẹja náà ò lè mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbé wáìnì pupa jáde, ẹ ro ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran àti pọ̀nmọ́, kẹ́ ẹ yọ pańla àti edé kúrò nínú ẹ̀. Tí màmá bá ní ẹ̀fọ́ láìsí pańla kì í ṣe ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ gbé wáìnì funfun fún bàbá lórí iyán, tàbí kẹ́ ẹ gbé omi.

Màmá ń kọ́? Ohun tí wọ́n ṣe yẹn, wáìnì pupa, ṣúgà, ọsàn, yìnyín, àwọn ará Spéènì ń tà á fún àlejò, sangria ni wọ́n ń pè é. Màmá gbọ́n.

Ọ̀dọ́ Súrùlérè

Ẹ ṣáà rí i, yìnyín wọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá.

Tísà Bristol

Mo kàn fẹ́ bi Bàbá Paarl, mo rí èyí tí wọ́n kọ Cape Blend sí, ṣé òun náà ni èyí?

Bàbá Paarl

Kì í ṣe òun. Cape Blend, Pinotage ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Pinotage jẹ́ àjàrà tí wọ́n ṣẹ̀dá ní South Africa fúnra wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stellenbosch tó ń jẹ́ Abraham Perold ló mú Pinot Noir àti Cinsaut gùn pọ̀ ní 1925. Ó ní èéfín díẹ̀ lórí, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ pẹ̀lú súyà àti ẹran sísun. Ti olówó kékeré ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dáa, kí n má purọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi owó ti Ìyá Ìṣirò kún un.

Ìyàwó Chatham

Ìgò kejì ṣẹ́ ku ìdajì. Ọkọ mi ní ká dà á nù, ó dùn mí.

Ìyá Ìṣirò

Dà á nù kẹ̀? Lẹ́yìn tí ìjọba ti gba owó wọn lórí ẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ wá ìgò kékeré tó mọ́, èyí tí wáìnì yẹn máa kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má ráyè, torí afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí kíkan. Ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì, pupa náà ń wọ fíríìjì tí wọ́n bá ti ṣí i, á ṣe é mu fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọ ọ́ sínú àwo yìnyín kó dì, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé wáìnì ni kí Alhájà má baà bù ú sínú zóbò. Tẹ́ ẹ bá ń se ẹran màálù tó le, ẹ sọ bíi mẹ́ta sínú ìkòkò lẹ́yìn tí àlùbọ́sà bá ti pọ́n, kẹ́ ẹ tó da tòmátò sí i, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí kíkan ẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ dín máàgì kù.